Àpò Ẹ̀bẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Bàtà Rẹ

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo bó obì tán.

Olúṣínà, Àkànní ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, nítorí ìjẹta ni mo kúrò nílé rẹ, mo sì fi ojú ara mi rí i pé o ń jẹun, o ń sùn, o sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ mi tuntun ńkọ́? Sọ fún Bùsáyọ̀ kó má fi omi tútù kan ara o, kó sì máa mu ẹ̀kọ gbígbóná tí mo fi hàn án. Èyí tó kù nínú ìwé yìí, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí, kò sì ní dùn mọ́ ọ.

Mo gbìyànjú láti bá ọ sọ ọ́ lójú kojú, o ní, "Màámi, mo ń bọ̀." Mo pè ọ́ lánàá, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o ò sì lè pa á mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó kà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí tìrẹ sì ti ń wọ́ lójú mi.

Kò tíì pé ọdún méjì tí o gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Gbogbo wa dúpẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń lọ níbẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí àdúrà, a tún dúpẹ́. Ní Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí o di díákónì. Kí n tó wá tọ́jú ọmọ tuntun ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ra obì lọ́wọ́ mi, títí kan àwọn tí kò béèrè.

Mo mọ àpótí ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn á kọ ọ́ sí bébà, á ká a ní mẹ́rin, á kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, á jù ú síbẹ̀. Tí ìsìn bá parí, olórí àdúrà á kó wọn lọ sílé, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa pe orúkọ wọn níwájú Ọlọ́run fún ọjọ́ méje. Pásítọ̀ yín ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Màmá, Bùrọ́dà Ṣínà ò fi iṣẹ́ yẹn ṣeré rárá." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé báàgì mi sórí bẹ́ǹṣì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gáàsì yín tán. Mo fẹ́ gbé omi ìwẹ̀ Bùsáyọ̀ kaná, mo to èédú, mo wá ń wá bébà tí màá fi ràn án. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín. Mo rí àpò ìrẹsì kan lábẹ́ àwọn bàtà rẹ, ó kún fún bébà kíká. Mo rò pé ìdọ̀tí ọ́fíìsì ni. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ṣáná sí i. Ó ràn dáadáa, ni mo bá tún ti ìkejì bọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ló yí padà níwájú mi kó tó gbaná, mo rí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ọwọ́ lásán yọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀hún ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Olúṣínà, mo ti fi ẹ̀bẹ̀ àwọn ènìyàn gbé omi kaná! Mi ò mọ iye wọn, mi ò sì mọ orúkọ wọn. Bóyá ẹni tó ń wá ọmọ ni, bóyá ẹni tí dókítà ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún ni. Wọ́n ti di eérú, ìyàwó rẹ sì ti fi omi wọn wẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tú àpò yẹn. Kò sí ọ̀kan tí o ṣí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n, aáyán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ wọn.

Nígbà tí o ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé àpò náà síwájú rẹ. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? O ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Iṣẹ́ ló pọ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún gbogbo wọn lápapọ̀. Ọlọ́run mọ ọkàn mi." Ojú rẹ ò kúrò lára fóònù nígbà tí o ń sọ ọ́. Inú bí mi débi pé mo kàn gbé àpò náà padà sábẹ́ bàtà rẹ. Ìyá rẹ, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Nítorí náà, mo dúró kí n délé, kí n bó obì mi, kí ara mi rọlẹ̀. Kò tíì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èkínní. Má rò pé mò ń na ìka sí ọ láti òkè. Ibi tí o ṣubú sí yẹn, mo ti sùn síbẹ̀ rí.

O mọ Ìyá Kẹ́hìndé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń bó obì. Nígbà tí o wà ní pírámárì, Kẹ́hìndé lóyún àkọ́kọ́, oyún náà ò sì fara rọ. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ìyá Ṣínà, jọ̀wọ́, bá mi máa pe ọmọ yìí níwájú Ọlọ́run láràárọ̀." Mo ní, "Ṣé ó kù kó o sọ ọ́ ni? Láràárọ̀!" Ọmọ mi, mi ò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá jí, mo rántí obì, mo rántí aṣọ ilé ìwé rẹ, mo rántí gbogbo nǹkan. Tí a bá pàdé nídìí iṣẹ́, tó bá ní, "Ṣé ẹ ń rántí wa?", màá ní, "Àárọ̀ yìí gan-an ni mo ṣì pè é." Irọ́ náà ń dán lẹ́nu mi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nígbà tó yá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé irọ́ ni.

Kẹ́hìndé bí wẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé àgbébọ̀ adìẹ kan wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí ó fi ọdún mẹ́rin jù lọ. Ó ní àdúrà mi ló gbà. Kí ni mo ṣe? Mo gba adìẹ. Mo pa á, mo sè é. Ìwọ lo jẹ iwe rẹ̀. Mo jẹ adìẹ àdúrà tí mi ò gbà, Olúṣínà, ó sì dùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn nígbà tí mo wá ronú sí i, pé ó dùn.

Láti ọjọ́ náà ni àdúrà ti di ẹrù fún mi. Tí mo bá kúnlẹ̀, adìẹ yẹn ni mo ń rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpàdé àdúrà, màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ohun tí àṣà burúkú ń ṣe fún ìgbàgbọ́ nìyẹn: kì í wó ilé lọ́jọ́ kan, ó kàn ń jẹ́ kí ojú ti ọ láti wọ inú rẹ̀. Mo wò ọ́ nílé rẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. O ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ ń dún, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ kí o kúnlẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀kan. Ojú ń tì ọ́. Mo mọ̀ ọ́n, torí ó ti tì mí rí.

Ọdún kẹta ni mo tó jẹ́wọ́ fún Ìyá Kẹ́hìndé. A jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì, mo kàn sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó bó obì bíi mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi èdè Ìjẹ̀bú wa bú mi, èyí tí mi ò lè kọ síbí torí díákónì lo fẹ́ dà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó dáa. Láti òní, má sọ fún mi mọ́ pé o máa gbàdúrà. Di ọwọ́ mi mú, kó o gbà á níbẹ̀, kí n fi etí mi gbọ́."

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, tirẹ̀ ni, mo kàn yá a lò. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o gbàdúrà fún òun, ìbáà jẹ́ lójú títì, ìbáà jẹ́ lẹ́nu géètì ọ́fíìsì, tí ọlọ́kadà ń fun fèrè sí yín létí, dúró kí o gbà á. Gbólóhùn méjì tó. Ó sàn ju ọjọ́ méje tí o kò ní ṣe lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò mi fún ọ, Àlàájà tó ń ta búrẹ́dì. Mùsùlùmí ni, o mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ pé orúnkún ń dà mí láàmú, ó ní òun máa fi mí sínú àdúà. Lọ́jọ́ kẹta, ó kan ilẹ̀kùn mi: "Ìyá Ṣínà, ṣé orúnkún ti ń gbà? Mo ti ń bẹ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n tẹ̀ síwájú." Olúṣínà, ó wá béèrè àbọ̀! Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi nínú Olúwa pé ẹ ń gbàdúrà fún mi, ta ló béèrè orúnkún mi rí?

Èkejì ni ẹnu. Mi ò tíì gbọ́ ọ kí o ṣe òfófó, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn bébà wọ̀nyẹn, o máa rí ohun tó wúwo. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ṣáájú, ẹ̀yin díákónì. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ìyàwó, tíṣà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa sọ fún mi nìkan pé ọkọ òun ò sùn sílé mọ́. Mo gbé e dé ìdí obì, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi arábìnrin kan sínú àdúrà o." Wọ́n ní, "Ta ni?" Mo ní mi ò ní dárúkọ. Kí a tó bó apẹ̀rẹ̀ kan tán, mo ti dárúkọ, mo ti dá orúkọ ọkọ mọ́ ọn. A ò sì gbàdúrà kankan. Ẹyin lohùn. Ní Àìkú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò ó láti ẹ̀yìn. Obìnrin náà fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Títí dòní, tí a bá pàdé ní Òkè-Àgbò, á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, kò sì ní wo ojú mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán. Kò tán.

Láti ìgbà yẹn, mi ò ṣí ìwé tí kì í ṣe tèmi mọ́. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ó máa wúlò kí ìwé yìí tó parí.

Ẹ̀kẹta ni fóònù, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀ torí inú ń tún bí mi. O sọ fún mi pé Bíbélì wà nínú rẹ̀. Mo gbà. Bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá yín lọ, o rẹ́rìn-ín sí ohun tí kì í ṣe ìwàásù, mo rí ọ. Láàárọ̀, kí ojú rẹ tó là tán, ọwọ́ rẹ ti ń wá a lábẹ́ ìrọ̀rí bí ọmọ tó ń wá ọmú. Kò ṣòro: gbé e sí kíṣìnnì tí o bá fẹ́ sùn. Ra àgógó kan tí á máa jí ọ. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò ní fóònù, a sì máa ń rí i.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Jáwọ́ nínú irọ́ Àwà, ìlú tí o máa ń kọjá kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi. O mọ èyí tí mò ń wí. Lọ́jọ́ tí o ní o ń bọ̀ wá gbé mi láti wá tọ́jú ọmọ, mo ro ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ dè ọ́. Mo pè ọ́ ní aago mẹ́wàá, o ní, "Màámi, mo ti wà ní Àwà, mo ti ń wọlé." Mo bu oúnjẹ. Aago kan lo dé! Bùsáyọ̀ sì sọ fún mi, láìmọ̀, pé aago méjìlá lo dìde lórí ibùsùn. Àwọn ènìyàn Àwà á ti máa rò pé o ti ra ilẹ̀ níbẹ̀, torí ojoojúmọ́ lo wà lọ́dọ̀ wọn láì kúrò lórí ibùsùn. O máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ẹnu tí ń sọ pé "mo ti wà ní Àwà" náà ló ń sọ pé "mò ń gbàdúrà fún yín". Ẹnu kan ṣoṣo lo ní.

Ó ku "Ọlọ́run mọ ọkàn mi". Ó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó lé ọ dìde lórí àga.

Ó dáa. Kí ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kí o tú àpò yẹn. Máa ṣí wọn, máa pè wọ́n. Ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, lọ wá a kàn, kí o béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kí o sì tọrọ àforíjì. Àwọn tí mo fi dáná, èmi ni mo ni wọ́n. Mo ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ náà, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mò ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò mọ orúkọ wọn, Òun mọ̀ ọ́n. Kí o sì lọ bá pásítọ̀ yín kí Àìkú tó dé. Sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Tó bá ní kí ẹ sún oyè náà síwájú, kí ẹ sún un. Ọjọ́ kì í tán nínú ọdún. Ṣùgbọ́n tí o bá kúnlẹ̀ kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ lórí, tí àpò yẹn ṣì wà lábẹ́ bàtà rẹ bó ṣe wà, mi ò ní jókòó síbẹ̀ wò ó. Màá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, màá máa bó obì mi. Ẹni tó bá béèrè, màá sọ òótọ́ fún un.

Má rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń pa ojú dé, tí a ń pa ọwọ́ pọ̀. O jẹ nínú adìẹ yẹn, ó sì máa ń dà bí ẹni pé iwe tí mo fi fún ọ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú ikùn rẹ.

Ọ̀rọ̀ ku ẹyọ kan. Bébà tó yí padà níwájú iná yẹn, èyí tí mo fi ọwọ́ yọ, mi ò dá a padà sínú àpò. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Bébà ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù ni, ẹ̀gbẹ́ kan ti jó. Yí i padà, kí o wo orúkọ tó wà lẹ́yìn. "Olúbùsáyọ̀" ni. Ìyàwó rẹ ni. Mo bi í léèrè ìgbà tó kọ ọ́, mi ò béèrè ohun tó kọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí oyún tó wọ oṣù kẹta ni.

Ronú sí i, Àkànní. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń jẹun, ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí o gbọ́. Ó wò ọ́, ó wo fóònù rẹ. Ó wá mú bébà, ó rìn pẹ̀lú oyún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jù ú sínú àpótí, torí ó gbà gbọ́ pé tó bá gba ibẹ̀ kọjá, o máa ṣí i. Ìwọ gbé e wálé fún un, o fi bàtà lé e lórí. Ó sì ń fọ bàtà náà.

Mi ò ṣí i. Bó ṣe ká a ló ṣì ká. Èyí kò nílò ọjọ́ méje. Mú un lọ bá a níbi tó wà báyìí, jókòó tì í, kí o sì ṣí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o máa bọ̀ wá rí mi. Mo ti ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Má pè mí láti Àwà, àfi tí o bá dé Àwà.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí ọwọ́ ń ta.